Ibà tí kò gbóògùn, èjìká tí kò jẹ́ ká wé gèlè: bí a ṣe ń dá ìyípadà ara mọ̀ kí nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró

Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí nǹkan oṣù á dáwọ́ dúró. Ohun tí a kì í sábà sọ fún ara wa ni pé ara kì í dúró de ọjọ́ náà kó tó máa yí padà. Ìyípadà yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 4 ṣáájú, ó sì lè tó ọdún 10 lára ẹlòmíì, nígbà tí obìnrin ṣì ń ra páàdì lóṣooṣù, tó ń rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan òun.

Ooru tó máa ń bo ara lójijì nìkan ni etí gbogbo wa ti gbọ́. Àmì yòókù, ńṣe la máa ń pín wọn kiri. A gbé ara gbígbóná lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún wa lóògùn ibà. A gbé àyà jíjá lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí ààfáà. Èjìká tó ń ro wá, a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun. Ìkanra wá di ẹjọ́ nínú ilé, wọ́n ní ìyàwó ti yí ìwà padà. Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú kan. Kíkó wọn jọ sójú kan ni iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà yìí.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí yín

Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró pátápátá. A kò sì lè sọ pé ó ti dáwọ́ dúró àfi bí oṣù 12 gbáko bá kọjá tí a kò rí i rárá. Nítorí náà, bí ẹ bá ti lé ní 40, tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, tó tètè dé lóṣù yìí, tó pẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, tó ya lẹ́ẹ̀kan, tó wá rí tíńtín lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wà nínú ìyípadà náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá dáwọ́ dúró kó tó pé 40 kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé o. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ó nílò dókítà kíákíá nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹyin inú obìnrin ń dín kù, ilé ẹyin kò sì tú họ́mọ̀nù, èròjà tí ara fi ń darí iṣẹ́ rẹ̀, sílẹ̀ létòlétò mọ́. Ẹ́sítírójìn, ọ̀kan lára họ́mọ̀nù náà, á gòkè lọ́sẹ̀ yìí, á já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé ọmọ nìkan kọ́ ló sì ń lò ó. Ọpọlọ ń lò ó, ọkàn, oríkèé, awọ ara, ẹnu, ojú àti àpò ìtọ̀ náà ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí, tó lè lọ fún oṣù méjì, kó tún padà wá.

2. Ẹ yẹ ara wò láti orí dé ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ooru sílẹ̀ ná, ká wo àwọn tí a kì í dárúkọ.

Èjìká ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí pé ní Ìjẹ̀bú, gèlè ló ń tú àṣírí rẹ̀. Obìnrin tó ti ń wé gèlè fúnra rẹ̀ láti ìgbà ọmọge á gbé apá sókè láti so ó lẹ́yìn orí, apá á kọ̀ láàárín méjì. Ọwọ́ kò dé ẹ̀yìn mọ́ láti so kọ́mú. Iwájú ló ti ń so ó kó tó yí i sẹ́yìn. Lóru, tó bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, ìrora á jí i. Èjìká gígan yìí wọ́pọ̀ lára obìnrin láàárín 40 sí 60, ó sì tún wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, torí náà, ẹ yẹ ṣúgà ara wò bó bá mú yín. Ó lè gba ọdún kan sí mẹ́ta kó tó tú tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá náà ní tipátipá. Onífisiọ́ ní ọsibítù, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, ló mọ bí wọ́n ṣe ń rọra nà án. Ìka ọwọ́ àti orúnkún náà lè le láàárọ̀, kí wọ́n tó tú bí ẹ bá ti rìn díẹ̀.

Ẹnu ńkọ́? Ahọ́n lè máa ta bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ata rodo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ tútù lásán lẹ jẹ. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ ti ń jẹ láti kékeré á wá di ohun tí ẹnu kò gbà. Ẹnu lè máa gbẹ, kí omi tí ẹ mu máa korò tàbí kó ní adùn irin. Ọ̀pọ̀ ló ti pààrọ̀ ọṣẹ ìfọyín títí tó sú wọn.

Awọ ara lè máa yún láìsí èélá. Ó tún lè máa ṣe yín bíi pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ, ní ẹsẹ̀, ní ẹ̀yìn, nínú irun. Mo mọ̀ pé bí obìnrin bá sọ pé “nǹkan ń rìn mí lára” nílẹ̀ wa, ibi tí ọkàn àwọn ará ilé máa ń lọ kì í ṣe ọsibítù. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fura sí ìyàwó bàbá tàbí aládùúgbò, ẹ mọ̀ pé àmì yìí wà nínú ohun tí àwọn dókítà mọ̀ mọ́ àsìkò yìí, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin ìlú òyìnbó tí kò gbọ́ orúkọ àjẹ́ rí. Bákan náà ni nǹkan kan tó máa ń ta èèyàn lójijì bí iná mọ̀nàmọ́ná, tó sì máa lọ lójú ẹsẹ̀, nígbà míì kí ooru tó dé.

Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì nígbà tí ẹ kò sáré, tí ẹ kò bínú, bóyá lórí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì láàárín Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde. Etí lè máa hó. Òòyì lè máa kọ́ yín. Ojú lè máa gbẹ kó sì máa ta bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́.

Oorun máa ń yí padà lọ́nà kan tó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò ṣe rí: ẹ á sùn dáadáa ní aago mẹ́wàá, ẹ á jí ní aago mẹ́ta òru, ojú á là kedere, gbogbo gbèsè, gbogbo ọmọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àna yín sọ lọ́dún tó kọjá á tò síwájú yín. Ìgbàgbé tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń ta aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé, tó mọ gbèsè oníbàárà kọ̀ọ̀kan lórí láìwo ìwé, á dúró pẹ̀lú igi ìwọnṣọ lọ́wọ́, kò ní rántí bóyá yáàdì márùn-ún lòun ti wọ̀n tàbí mẹ́fà. Ẹ̀rù á bà á pé ọpọlọ òun ti ń lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsàn ìgbàgbé ti arúgbó. Ọ̀rọ̀ oorun àti họ́mọ̀nù ni, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ bó bá yá.

Ìkanra náà ńkọ́? Ẹni jẹ́jẹ́ á gbaná jẹ nítorí ṣíbí tí ọmọ kò fọ̀. Tàbí kí ẹ̀rù tí kò nídìí gbé e, kó má lè wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó mọ́, kó máa sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Ẹni tí ìdààmú ọkàn ti bá jà rí lẹ́yìn ìbímọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí, ó lè tún padà yọjú lásìkò yìí. Bí ọkàn bá dé ibi tó ń sọ fún yín pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má sun oru ọjọ́ náà láìsọ fún ẹnì kan, kí wọ́n sì gbé yín lọ sí ọsibítù.

Èyí tó tì wá lójú jù ló kù. Ojú ara lè gbẹ, kí ìbálòpọ̀ máa dun yín, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín nígbà gbogbo, kó máa já bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tàbí sín, kí àkóràn ìtọ̀ máa padà wá lẹ́yìn oògùn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló rò pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, tí wọ́n ń lo oògùn apakòkòrò léraléra. Irun orí tó ń já, irun tó ń hù ní àgbọ̀n, èékánná tó ń fọ́, òórùn ara tó yí padà: gbogbo wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pa èèyàn lára.

3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré, tàbí kí ẹ fi fóònù ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Kò gba àròkọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ:

“Ajé: jí ní 3 òru, òógùn bo aṣọ. Àyà lù kìkì díẹ̀. Ọjọ́rú: pariwo mọ́ ọmọ nítorí ṣíbí. Èjìká òsì kò gòkè. Ẹtì: nǹkan oṣù dé, ó fi ọjọ́ 9 pẹ́, páàdì 6 lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì wà.”

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn, tó fi mọ́ àgbo, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́, tàbí kó máa sọ̀rọ̀ sínú fóònù.

4. Ẹ mú ohun mìíràn kúrò lójú ọ̀nà

Kì í ṣe gbogbo àmì lára ẹni ọdún 46 ni àsìkò yìí fà. Ibi tí mo ti ń bínú sí kẹ́míìsì nìyí: wọn kì í ṣe àyẹ̀wò, oògùn ibà ni wọ́n máa ń dì fún èèyàn. Ibà gidi á hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì tí kò sí ibà, tí ooru ṣì ń bọ̀ tó ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó ń gbéra láti àyà lọ sí ọrùn àti ojú, ẹ fi oògùn ibà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n wo PCV bóyá ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, torí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ lè ti di aláìlẹ́jẹ̀ láìmọ̀, kó máa mí hẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn. Àìsàn tọ́rọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, náà máa ń fa àyà lílù, ooru àti irun jíjá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Obìnrin tó wà nínú ìyípadà yìí ṣì lè lóyún. Ẹni tí kò tíì pé 50 ní láti máa fètò sọ́mọ bíbí fún ọdún 2 lẹ́yìn nǹkan oṣù tó rí gbẹ̀yìn. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan.

Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró de ìwé oṣù méjì, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀:

– ẹ̀jẹ̀ tó ń rin páàdì gbingbin láàárín wákàtí kan, tí kò sì dáwọ́ dúró;
– ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì;
– ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, lẹ́yìn tí oṣù 12 ti kọjá láìrí nǹkan oṣù;
– àyà lílù tó bá àyà dídùn tàbí dídákú rìn;
– òógùn òru pẹ̀lú ikọ́ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ara tó ń rù;
– kókó nínú ọmú.

Fáíbírọ́ìdì, kókó inú ilé ọmọ, wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì lè jẹ́ òun ló ń da ẹ̀jẹ̀, torí náà, bí nǹkan oṣù bá pọ̀ jù, ẹ béèrè skáànù. Ẹ lo àǹfààní náà kí wọ́n yẹ ọrùn ilé ọmọ wò fún jẹjẹrẹ.

5. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ síwájú. Níwájú yẹn, ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ìhà Rẹ́mọ, OOUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣágámù, ti Yunifásítì Babcock sì wà ní Ìlíṣàn. Ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń tọ́jú obìnrin, tí wọ́n ń pè ní O&G.

Èrò máa ń pọ̀, dókítà kò sì ní àkókò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ara mi kò yá”. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Dókítà, ẹni ọdún 46 ni mí. Láti bí oṣù mẹ́fà, nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Mi ò róorun sùn, èjìká mi gan, àyà mi ń lù. Mo ti ṣàyẹ̀wò ibà, kò sí. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí nìyí. Ṣé kì í ṣe àsìkò kí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró ló ń bá mi jà?” Ẹ gbé ìwé náà lé tábìlì. Bó bá ní “àgbà ló ń dé, ẹ lọ fara dà á,” ẹ dúpẹ́, kí ẹ béèrè pé ta ló tún lè gbà yín nímọ̀ràn níbẹ̀.

Ẹni tó ti lé ní 45 kò nílò àyẹ̀wò họ́mọ̀nù olówó iyebíye kí wọ́n tó mọ̀. Ọjọ́ orí àti àmì ti tó. Họ́mọ̀nù tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lè dára lónìí lórí ìwé, kó má dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi owó yẹn ṣe PCV, ṣúgà àti skáànù.

Ní ti ìtọ́jú, wọ́n lè sọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù àfikún: oníhóró, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tàbí jẹ́lì tí wọ́n ń fi pa ara. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà níkùn gbọ́dọ̀ gba oríṣi méjì pọ̀, ẹ́sítírójìn àti projẹ́sítírọ́nù, kí inú ilé ọmọ má baà nípọn jù. Ẹ̀rù rẹ̀ ba gbogbo ayé láti ọdún 2002, nígbà tí wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà nítorí jẹjẹrẹ ọmú àti àrùn ọkàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin inú ìwádìí yẹn ti lé ní 60. Lónìí, ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé fún ẹni tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì pé ọdún 10 tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan, àrùn ẹ̀dọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ẹnì kan kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà, wọ́n á kọ́kọ́ kápá rẹ̀. Oògùn tí kì í ṣe họ́mọ̀nù wà fún ooru pẹ̀lú, ìpara kékeré sì wà fún ojú ara gbígbẹ.

Ẹ má gbà pé ó di dandan kí ẹ fara dà á. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN, tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ooru yìí bá àwọn aláwọ̀ dúdú gbé fún nǹkan bí ọdún 10, nígbà tí ti gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ ọdún 7 ó lé díẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fara dà lásán.

6. Nílé

Ẹ wo ohun tó ń pe ooru wá nínú ìwé yín. Ata, ọtí, tíì gbígbóná àti yàrá tí kò gba afẹ́fẹ́ ló wọ́pọ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú má jẹ ata. Ẹ dín ti alẹ́ kù. Òwú àti àdìrẹ ń jẹ́ kí ara mí. Léèsì onírọ́bà kò jẹ́. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí aṣọ òkè, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ bá wà lọ́rùn lábẹ́ oòrùn, ẹ wọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́, ẹ mú omi tútù àti abẹ̀bẹ̀ dání, kí ẹ sì wá ibòji kí ìlà yín tó kàn. Ẹ máa rìn káàkiri lójoojúmọ́, ẹ gbé ohun tó wúwo níwọ̀nba, torí agbára egungun ń dín kù lásìkò yìí. Ẹja tí a lè rún egungun rẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti wàrà dára.

Ẹ má fi ìpara tó ń bóra pa ibi tó ń yún. Ẹ má máa gba abẹ́rẹ́ ìrora lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ní abẹ́rẹ́. Ẹ má sọ oògùn oorun di oúnjẹ alẹ́. Àgbo tí wọ́n ní ó máa “dá nǹkan oṣù padà” lè da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

7. Ẹ má dá a gbé

Ọkọ ni ẹ kọ́kọ́ sọ fún, bó bá wà, kì í sì í ṣe lóru tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ yan ọ̀sán tí ara tù yín méjèèjì. “Bàbá Kúnlé, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo kọ̀ yín. Ara mi ló ń yí padà, ó ń dùn mí, mo sì fẹ́ lọ rí dókítà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ.” Ẹ fi ìwé náà hàn án. Ọkọ tó rò pé ìyàwó òun ti rí ẹlòmíì máa ń mí kanlẹ̀ nígbà tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ni. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà náà, pàápàá àwọn obìnrin inú wọn.

Lẹ́yìn náà, régbérégbé. Àwa tí a jẹ́ Ìjẹ̀bú ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí gbogbo wa sún mọ́ra, tí a jọ ń ṣèpàdé, tí a jọ ń dájọ, tí a mọ ìyá àti bàbá ara wa. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti wà láàárín 40 sí 55, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ lára àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti jí ní aago mẹ́ta òru lọ́sẹ̀ yẹn, tí ẹnì kankan kò sì sọ. Aṣọ ẹgbẹ́ la ń fi wákàtí méjì jiyàn lé lórí.

Bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀: ẹ rí ìyá ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ẹ tọrọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wá nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, kó wọn ti gbogbo yín kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì kò ní yàtọ̀ sí ẹni tí kò tì. Kí àgbà kan tó ti la àsìkò náà kọjá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí ó fi ti èjìká tàbí ti oorun bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá fi ojú ara bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ló máa gbẹ̀yìn. Ẹ pe àwọn àbúrò tí kò tíì pé 40 wá gbọ́. Kí wọ́n sì yan ẹni méjì tí ẹnikẹ́ni lè pè ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n lè bá èèyàn jókòó ní ọsibítù láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀.